Àtẹ́lẹwọ́ Tó Ń Wọn Ooru Ọṣẹ

Tí ẹ bá wọ ilé iṣẹ́ wa, tí ẹ fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, torí wọn ò ní mọ ẹni tí ẹ ń wí. Ẹ ní Bàbá Àtẹ́lẹwọ́ lẹ ń wá. Aṣọ́nà fúnra rẹ̀ á mú yín dé ìdí ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ọṣẹ ìwẹ̀ là ń ṣe. Ẹ̀rọ ńlá kan ló ń po ọṣẹ náà, tó ń tì í jáde lẹ́nu gbọọrọ, ó nípọn tó apá ọkùnrin. Ọ̀bẹ á gé e, òǹtẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, á sì sún dé orí tábìlì tí àwa obìnrin mẹ́fà ti ń fi bébà wé e. Omi gbígbóná ló ń yí ẹnu ẹ̀rọ yẹn ká. Tí ọṣẹ bá tutù jù níbẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, á dán, á gún régé. Ó di bí ọ̀sẹ̀ kan, tó bá ti dé balùwẹ̀ oníbàárà, kó tó là sí méjì. Tó bá sì gbóná jù, á lẹ̀ mọ́ òǹtẹ̀, iṣẹ́ á dúró.

Òṣùwọ̀n ooru kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà nígbà kan. Ó bàjẹ́ ní ọdún kejì tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi síbẹ̀. Ọ̀gá ìgbà yẹn ní òun máa ra òmíràn. Kó tó rà á, ó rí i pé ẹ̀gbọ́n mi á kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọṣẹ, á yí ẹnu ẹ̀rọ omi díẹ̀, á ní, "Ó tó," ọṣẹ ò sì bàjẹ́. Bí wọn ò ṣe rà á mọ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, ó di òfin: ọṣẹ kankan ò gbọdọ̀ dé abẹ́ òǹtẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ò bá tíì sọ̀rọ̀. Tí àlejò bá dé, ọ̀gá á mú wọn wá bá a, á ní, "Òṣùwọ̀n tiwa rèé. Kì í bàjẹ́, kì í sì í lo bátìrì." Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi náà á rẹ́rìn-ín. Tó bá délé, á sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹrin bíi pé mi ò sí níbẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi wà nídìí ẹ̀rọ yẹn. Kó tó débẹ̀, ó fi ọdún mẹ́rin ru àpò ní ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ kan náà, nítorí bàbá wa kú nígbà tí mo ṣì wà ní kíláàsì kẹta, ẹnì kan sì ní láti fi ìwé sílẹ̀ kí ẹnì kejì lè kà á. Òun ló fi sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun náà ló lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ tí mo fi ríṣẹ́ nídìí tábìlì. Ìyàwó tiẹ̀ ti lọ, àwọn ọmọ ti tú ká, yàrá tiẹ̀ kọjú sí tèmi, ilé ìdáná kan náà là ń lò. Ẹnu mi mú, gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ òdì sí ẹ̀gbọ́n mi, ọmọkùnrin ni tàbí obìnrin, èmi àti ẹ̀ máa wọ ṣòkòtò kan náà. Mi ò rí ohun tó burú nínú ìwà yẹn títí di ọdún tó kọjá.

Ọdún tó kọjá ni páálí ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá bá wa. Oníbàárà kan kọ̀wé pé ọṣẹ wa ń là bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá gbẹ. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ báyìí, ọkùnrin kan tó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé, pe mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì fún gbogbo nọ́ọ̀tì le, ó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì, ó lọ. Ọṣẹ ò yéé là. Ọ̀gá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́yìn wa láìsọ̀rọ̀, ó ń wo ọwọ́ kálukú. Ó ku ọdún méjì péré kí ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn tì. Ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé bóyá òróró tí wọ́n ń rà ni, torí ọwọ́ òun ò purọ́ rí.

Èmi mọ̀ pé ọwọ́ náà ti ń purọ́. Ilé ìdáná wa ni mo ti rí i. Mo gbé omi tíì kaná, ó ti ń hó dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò yẹn kúrò lórí iná, ó sì rọra gbé e sílẹ̀. Kò ta gìrì, kò fẹ́ atẹ́gùn sọ́wọ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò jó yín ni?"

Ó ní, "Ọwọ́ ọkùnrin nìyẹn. Ìwọ ṣáà po tíì."

Ní ọjọ́ kejì, awọ ti bó ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ló ṣe é. Oṣù tó tẹ̀ lé e, a jọ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, sálúbàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé wa láìmọ̀ pé ẹsẹ̀ kan òun wà lórí ilẹ̀ lásán. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ. Mo rò ó báyìí: òṣùwọ̀n tó bá ti bàjẹ́, jíjù ni wọ́n ń jù ú nù. Wọ́n á ní kó máa lọ sílé, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n lè máa pè é. Ọdún méjì kì í ṣe ọdún púpọ̀. Mo pinnu pé mi ò rí nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tètè wọ ilé ìdáná kó tó wọ̀ ọ́, kí n lè máa gbé gbogbo ohun tó bá gbóná fúnra mi.

Àsìkò yẹn làwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dé. Mẹ́ta ni wọ́n, pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Olùkọ́ náà kó gbogbo wa jọ, ó ní ọdún tí àwọn ọmọ òun bá fẹ́ jáde, òun kì í fún wọn ní ìṣòro tí ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé. Ilé iṣẹ́ lòun ń rán wọn lọ, kí wọ́n gba ìṣòro tó ń dun èèyàn gan-an, kí wọ́n sì wá ojútùú sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Tí wọn ò bá mọ ìdí rẹ̀, wọn ò ní yege. Ọ̀gá fún wọn ní ọṣẹ tó ń là.

Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n láti òkè délẹ̀, pẹ̀lú báàgì àti kọ̀ǹpútà wọn, ó sọ sí mi létí pé, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Mo ní òótọ́ ni.

Nínú wọn, ọ̀kan ló ń gbé kọ̀ǹpútà, ọ̀kan ló ń wọn nǹkan, ẹni kẹta ń béèrè ọ̀rọ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò ga ju tábìlì wa lọ púpọ̀. Kí nìdí tẹ́ ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í wé bébà láti apá òsì? Kí nìdí tí tábìlì yìí fi ga ju ìyẹn lọ? Mo ní kó lọ bi ẹni tó kàn án. Ní ọjọ́ kejì ó padà wá, ó ti lọ bi káfíńtà lóòótọ́, káfíńtà sì ní igi ló tán. A sọ ọ́ lórúkọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn: Kínìdí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn òróró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi yẹ òróró wò. Òróró ò ní ẹ̀bi. Wọ́n yẹ omi wò, omi náà ò ní. Inú mi ń dùn sí i bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ, mo gbà pé wọn ò ní pẹ́ kó ẹrù wọn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n gbé òṣùwọ̀n kékeré kan wá, kò ju bọ́tìnnì lọ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Ó ń fi ìwọ̀n ooru ọṣẹ ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá ti dé láàárọ̀, á kí i pé, "Àbúrò, ṣé dáadáa lo jí?" Á sì gbé ọwọ́ lé ọṣẹ. Wọ́n tún kan pẹpẹ kan sára ògiri, wọ́n ń to ọṣẹ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí i, wọ́n kọ déètì sí i, wọ́n ń dúró wo èyí tó máa là.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, òtútù mú ẹ̀gbọ́n mi, kò lè jáde fún ọjọ́ méjì. Ọ̀gá ní kí n lọ dúró nípò rẹ̀, torí pé ó ti tó ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé ọṣẹ, mo yí omi, mo ní ó tó. Kò sí nǹkan ìjìnlẹ̀ nínú rẹ̀ lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi padà sẹ́nu iṣẹ́, èmi náà padà sídìí tábìlì mi.

Ó kù díẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá pé ni Kínìdí wá bá mi lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù, níbi tí mo ti ń jẹ búrẹ́dì lákòókò ìsinmi. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Mà, gbogbo ọṣẹ tó wà lórí pẹpẹ, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó là níbẹ̀. Ọjọ́ méjì péré ni kò sí ẹyọ kankan tó là. Ta ló wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ méjì yẹn?"

Mo gbé àyà sókè, mo ní, "Èmi mà ni."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ kí làákàyè mi tó dé. Òkò tí mo sọ sọ́jà, ará ilé mi ló lọ bà. Kínìdí kò rẹ́rìn-ín. Ó na ìwé náà sí mi. Lọ́jọ́ tèmi, ooru ọṣẹ ò kúrò láàárín dígírì méjìdínlógójì sí mọ́kànlélógójì. Láwọn ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó bá ní ó tó, ó sì lè jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta.

"Mà, ṣé ọwọ́ Bàbá ṣì ń gbọ́ ooru?"

Mo dìde. Mo sọ fún un pé tó bá kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sínú ìwé rẹ̀, á kọ́kọ́ kọ tèmi. Mo ní ọkùnrin yẹn ló ń dá ilé iṣẹ́ yìí dúró kí wọ́n tó bí i, pé ó ku ọdún méjì péré, pé òun àti ìwé rẹ̀ máa lọ, àwa la máa ṣẹ́ kù síbí. Gbogbo ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ kó sunkún ni mo ṣe. Kò sunkún.

Ó ní, "Mà, mi ò ní kọ orúkọ wọn. Màá ní kí ọ̀gá ra òṣùwọ̀n, ó ti parí. Ìbéèrè kan ló kù tí mi ò lè dá dúró. Tí ọwọ́ ò bá gbọ́ gbígbóná mọ́, kí ló tún kù lára wọn tí kò gbọ́?"

Mo ní kó lọ bi káfíńtà.

Ọjọ́ tí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n kó wa sínú yàrá ìpàdé, àwa òṣìṣẹ́ jókòó lẹ́yìn, ọ̀gá àti olùkọ́ wọn níwájú. Kínìdí ló sọ̀rọ̀. Ó fi àwòrán hàn lára ògiri, ó ní ooru ẹnu ẹ̀rọ ló ń lọ sókè sódò, kí wọ́n ra òṣùwọ̀n tó ní iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé, òǹtẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ tí iná ewé ò bá tàn. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo mí kanlẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Ó dáa. Àmọ́ ó lé lógún ọdún tá a ti ń ṣe ọṣẹ yìí láìní òṣùwọ̀n. Kí ló wá yí padà?"

Olùkọ́ ń wo Kínìdí. Ọmọ náà wo ọ̀dọ̀ mi, mo gbé ojú kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi ló dìde láti ẹ̀yìn.

Ó ní, "Ẹ má dà á láàmú. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí gbogbo ọṣẹ ti rí bákan náà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé tí mo bá fara balẹ̀, á padà wá. Ẹ dán mi wò."

Ẹnikẹ́ni ò fẹ́ dán an wò. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n bu omi tútù láti inú fìríìjì sínú ife kan, kí wọ́n bu gbígbóná sínú ìkejì, kí wọ́n sì da aṣọ bo méjèèjì kí òun má bàa rí oru. Ó gbé ọwọ́ kan lé eléyìí, ó gbé ìkejì lé ìyẹn. Ó dúró pẹ́. Ó ní, "Bákan náà ni." Ọ̀gá fà á lọ́wọ́ kúrò lára ife gbígbóná náà.

Mo dijú. Mo ń retí kí wọ́n sọ fún un pé kó máa lọ sílé. Ọ̀gá jókòó sórí tábìlì, ó ní, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé ẹ máa lé mi ni."

"Nítorí ohun tí mo lè rà lọ́la? Ta ló máa mọ ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn bá fẹ́ há, tí kì í bá ṣe ẹ̀yin? Iná ewé ló máa máa wo ooru. Ẹ̀yin lẹ máa máa wo ìyókù."

Ó ti parí nìyẹn. Ohun tí mo ti fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣọ́ bí ẹyin, ọ̀gá fi gbólóhùn mẹ́rin yanjú ẹ̀. Ìdùnnú mú kí n fẹ́ dìde jó. Àwọn èèyàn ti ń kó ìjókòó wọn, olùkọ́ ti ń bọ ọ̀gá lọ́wọ́, ni Kínìdí rìn wá síbi tí ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ bọ́ bàtà yín kí n rí ẹsẹ̀ yín."

Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Níwájú gbogbo ayé, ọmọ àná ní kí àgbàlagbà bọ́ bàtà. Mo ní, "Ṣé o ya wèrè ni?" Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́wọ́ sókè sí mi pé kí n dákẹ́. Ó ti fi ọwọ́ rẹ̀ hàn wọ́n, kò rí ohun tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ pamọ́ fún. Ó tú okùn bàtà iṣẹ́ rẹ̀ ti òsì. Bàtà náà kọ̀, kò bọ́. Ọ̀gá bá a fà á.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, ó ti gan mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ìṣó kan tó gùn tó ìka kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń kan àpótí ẹrù, ti gba abẹ́ bàtà wọlé, ó sì wọnú ẹsẹ̀ rẹ̀. A ò mọ iye ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀. Orí ìṣó náà ti dán, ó ti fi í rìn lọ rìn bọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, èmi àti ẹ̀ la jọ fẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́, mo sì ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà pé ó ń rìn bí ọkọ ìyàwó.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní àtọ̀gbẹ ni, pé ó ti pẹ́ lára rẹ̀, pé àìsàn náà ló pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tí wọn ò fi gbọ́ nǹkan mọ́. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì. Dókítà ní ká ní ó fi ọ̀sẹ̀ kan sí i, orúnkún là bá máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹnì kankan nílé ti ṣàkíyèsí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Mo ní rárá. Mo purọ́ fún dókítà níwájú ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tí dókítà jáde, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Mo ní, "Láti ọjọ́ ìkòkò tíì."

Ó kà á lórí ìka. Ó kà á dé oṣù mẹ́sàn-án.

"O rí iná lórí òrùlé, o wá tẹ́ni fún mi pé kí n sùn."

Mo ní iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ń dáàbò bò. Ó yí ojú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, mo ń gbé oúnjẹ wá, mo ń gbé abọ́ lọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, Kínìdí wá kí i. Ẹ̀gbọ́n mi bá a sọ̀rọ̀, ó bá a rẹ́rìn-ín, ó bi í bóyá wọ́n yege, ọmọ náà ní wọ́n yege. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo gbé abọ́ dání. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà, ẹnu mi tí gbogbo ayé mọ̀ kò là. Òun ló dìde, ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sídìí ẹ̀rọ. Ó ń tiro díẹ̀, iná ewé ń tàn níwájú rẹ̀, ọṣẹ ò là mọ́. A ṣì jọ ń rìn wá, a ṣì jọ ń rìn lọ. Àmọ́ tí mo bá ṣèèṣì wò ó pẹ́ díẹ̀, ì báà jẹ́ nídìí oúnjẹ, ì báà jẹ́ lójú ọ̀nà, á dúró, á kọjú sí mi, á ní, "Kí lo rí? Sọ ọ́." Mo máa ń sọ ọ́, kódà tó bá jẹ́ pé bọ́tìnnì rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀.